Màmá ń dá gbé ní ìlú kékeré lórí òkè: kí ló yẹ ká mójú tó tá a bá lọ kí wọn?

Ọmọ Màmá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Màmá mi ti di ẹni ọdún 78, wọ́n sì ń dá gbé ní ìlú kékeré kan lórí òkè, ibi tó fi 2,600 mítà ga ju ìpele òkun lọ. Ìlú tó kóni mọ́ra ni, gbogbo ará ibẹ̀ ló mọ̀ wọ́n. Ìsàlẹ̀ lẹ́bàá òkun ni àwa ń gbé. Mọ́tò la máa gbé lọ, òkè la ó sì máa gùn ní wákàtí méjì tó kẹ́yìn ìrìn náà. Èmi, ìyàwó mi, ọmọ wa ọlọ́dún mẹ́ta àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru la jọ ń lọ.

Mo fẹ́ mọ ohun tá a lè ṣe kí òkè má bàa dá wa dùbúlẹ̀, bó ṣe yẹ ká wa mọ́tò lójú ọ̀nà yẹn, àti ohun tó yẹ kí n wò nínú ilé Màmá láìṣe bí ọlọ́pàá sí wọn. Lórí fóònù, "ara mi le" ni wọ́n máa ń sọ ṣáá, mi ò sì lè fi ìyẹn nìkan mọ bí nǹkan ṣe rí.

Nọ́ọ̀sì Orí Òkè

Ẹ kú ìmúra. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ tiyín, torí ẹni tí orí ń fọ́ tí èébì ń gbé kò lè ráyè wo ohun tó ń ṣe ìyá rẹ̀.

Bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú afẹ́fẹ́ kò yí padà lórí òkè, ìdá 21 nínú 100 náà ni. Agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì í wọnú ẹ̀jẹ̀ ló dín kù: ní nǹkan bí 2,500 mítà, ó ti kù sí bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tó wà létí òkun. Tẹ́ ẹ bá gbé ẹrù láti inú mọ́tò dé ẹnu ọ̀nà tẹ́ ẹ sì ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Àìsàn òkè ni kí orí máa fọ́ni, kí èébì, òòyì, àárẹ̀ tàbí àìlèjẹun sì tẹ̀ lé e. Kì í dé lójú ẹsẹ̀. Wákàtí 6 sí 12 lẹ́yìn téèyàn bá dé ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà, alẹ́ ọjọ́ kìíní ni kẹ́ ẹ máa retí rẹ̀. Téèyàn ò bá gùn sí i, ó máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta.

Ohun tó dáa jù ni pé kẹ́ ẹ sùn mọ́jú níbì kan tó ga tó nǹkan bí 1,500 mítà lójú ọ̀nà. Tí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, ẹ fi wákàtí 48 àkọ́kọ́ sinmi: kò sí ẹrù wúwo, kò sí gígun orí òkè lọ wo ìlú, kò sí ọtí, kò sì sí oògùn orun, torí ọtí àti oògùn orun máa ń jẹ́ kí mímí rọlẹ̀ lóru nígbà tí ara nílò rẹ̀ jù. Ẹ máa mu omi dáadáa, afẹ́fẹ́ òkè gbẹ. Bí ìtọ̀ bá pọ́n, omi ti dín lára nìyẹn. Oògùn kan wà tí dókítà lè kọ fún àgbàlagbà, acetazolamide, èyí tí wọ́n sábà máa ń lò ní 125 mg lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn. Ó máa ń mú kéèyàn tọ̀ gan-an, ó sì máa ń mú kí orí ìka máa ta ṣíṣíṣí. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ oògùn onísọ́fà (sulfa, irú èyí tó wà nínú Septrin) gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó lò ó.

Ní ti ẹ̀gbọ́n yín, ẹ̀jẹ̀ ríru sábà máa ń ga sí i ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ lórí òkè. Kí wọ́n lo oògùn wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n dání, kí wọ́n sì rí dókítà wọn kí ẹ tó lọ, pàápàá tí oògùn tó ń mú wọn tọ̀ bá wà nínú rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́ta kò lè sọ pé orí ń fọ́ òun. Tó bá ń ké láìsí ìdí, tó kọ oúnjẹ àti eré, tí kò sùn, tó sì bì, ẹ kà á sí àìsàn òkè títí tẹ́ ẹ fi máa rí ohun mìíràn tó fà á.

Àwọn àmì kan wà tí kò fàyè gba "ẹ jẹ́ kílẹ̀ mọ́ ná". Ẹni tí èémí ò tó bó tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́, ẹni tó ń húkọ́ tí ìtọ́ olómi pupa sì ń jáde, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń dàrú. Ẹ ní kí ẹni tẹ́ ẹ bá ń fura sí rìn lórí ìlà tààrà, kó máa fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì. Tó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí tó ní èyíkéyìí nínú àwọn àmì yẹn, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ lóru ọjọ́ náà, ó kéré tán 300 mítà, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ síwájú dókítà.

Nǹkan kan tí àwọn èèyàn kì í rò: Màmá tó ti mọ́ lára kì í ní ìṣòro yìí, àmọ́ tẹ́ ẹ bá mú wọn wá sísàlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara wọn á ti gbàgbé òkè. Nígbà tí wọ́n bá ń padà, àwọn náà ti di àlejò níbẹ̀ nìyẹn, ẹ jẹ́ kí àwọn náà sinmi.

Awakọ̀ Àgbà

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bẹ̀rù gígùn, bẹ́ẹ̀ sísọ̀ ló máa ń pa bíréèkì.

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ ní kí mẹkáníìkì wo páàdì bíréèkì, kó sì sọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì kẹ́yìn. Ọ́ìlì yìí máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Èyí tó ti fa omi máa ń tètè hó, tó bá sì ti hó, afẹ́fẹ́ ló kù nínú páìpù: ẹ óò tẹ ẹsẹ̀ bíréèkì, á rọ̀ bíi fóòmù, mọ́tò ò ní dúró. Tó bá ti ju ọdún méjì lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ kún táǹkì epo nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì ṣírò àkókò kẹ́ ẹ lè gun òkè náà lójú ọ̀sán.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń gùn, ẹ́ńjìnnì tí kò ní táábò máa ń pàdánù bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀ fún gbogbo 1,000 mítà. Ní 2,600 mítà, ó ti pàdánù bí ìdá kan nínú mẹ́rin, nítorí náà ẹ má gbójú lé e pé ẹ óò ráyè sáré kọjá mọ́tò tó wà níwájú. Tí abẹ́rẹ́ ooru bá ń lọ sókè, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ tan ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru sínú mọ́tò, kẹ́ ẹ sì wá ibi tó tẹ́jú dúró sí. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó gbóná.

Fún sísọ̀ kalẹ̀: jíà tẹ́ ẹ fi gùn ún ni kẹ́ ẹ fi sọ̀ ọ́. Ẹ ti yí i sí jíà kékeré kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí mọ́tò bá ti ń sáré. Ọ̀tọ́mátíìkì náà ní tiẹ̀, L tàbí 2, tàbí ibi tẹ́ ẹ ti lè fọwọ́ yàn án. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì títí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa kí eré dín kù, kẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò kó rí àyè tútù, kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́ nígbà tí eré bá padà sókè. Ẹ má sọ̀ lórí fíríì láé, ẹ má sì pa ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ lè dín epo kù: tí ẹ́ńjìnnì bá kú, ìrànlọ́wọ́ tó ń jẹ́ kí bíréèkì àti ọwọ́ ìdarí fúyẹ́ ti lọ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá gbóòórùn nǹkan tó ń jó, tàbí tí ẹsẹ̀ bíréèkì ń jìn sí i, ẹ yà bàrá, ẹ fún un ní ìdajì wákàtí. Ẹ má da omi tútù lé e, irin gbígbóná máa ń ká tàbí kó sán.

Níbi tí kọ́nà bá ti bo ojú ọ̀nà, ẹ fọn fèrè, ẹ dúró sí apá tiyín. Nínú kùrukùru, ẹ lo iná tó wálẹ̀. Èyí tó ga máa ń tàn padà sí yín lójú ni. Táyà ńkọ́? Afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ lókè máa ń mú kí ìwọ̀n rẹ̀ ga, òtútù sì máa ń mú kó wálẹ̀, ẹ kàn wọ̀n ọ́n láàárọ̀ níbẹ̀ kí mọ́tò tó rìn.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó síbi tó ti lè rí iwájú, ẹ má fún un ní fóònù láti máa wò lórí kọ́nà, ìyẹn ló máa ń mú kó bì.

Atọ́jú Àgbà

Nípa ti Màmá, ẹ fi ọjọ́ kìíní sílẹ̀ pátápátá. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ìròyìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba yín lálejò. Ilé wọn ni. Àmọ́ ẹ la ojú sílẹ̀.

Ẹ wo ara ògiri láti bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìwẹ̀, ní ìwọ̀n ibi tí ọwọ́ wọn ń dé. Tí àmì ìdọ̀tí ọwọ́ bá wà níbẹ̀ tàbí lẹ́yìn àga, Màmá ti ń di nǹkan mú rìn nìyẹn, kódà tí wọ́n bá ní ẹsẹ̀ àwọn le. Ẹ wo bàtà tí wọ́n ń wọ̀ nínú ilé, ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí. Ẹ wo ìgbànú àti aṣọ wọn, bóyá ó ti ń tú lára. Ẹ wo àwọn ìwé owó iná àti omi tó wà lórí tábìlì, ṣé wọ́n ti ṣí i. Nínú fìríìjì, ẹ wá nǹkan tó ti bàjẹ́ àti nǹkan kan náà tí wọ́n rà lẹ́ẹ̀mẹta.

Lọ́jọ́ kejì tàbí ẹ̀kẹta, ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ kí àwọn aládùúgbò. Rírìn yẹn á fi ọ̀pọ̀ nǹkan hàn yín, kò sì ní dà bí ìdánwò. Tí wọ́n bá ní láti dúró kí wọ́n tó lè dá yín lóhùn, ìwọ́ntúnwọ̀nsì wọn ti ń gba gbogbo ọkàn wọn nìyẹn, ewu ṣíṣubú sì ti pọ̀. Ohun mìíràn tẹ́ ẹ lè fi ṣe eré: kí wọ́n dìde lórí àga, rìn mítà mẹ́ta, yí padà, kí wọ́n tún jókòó, bí wọ́n ṣe ń rìn lójoojúmọ́. Tó bá gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sọ fún dókítà.

Oògùn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jáde sórí tíréè kan, títí kan èyí tó wà nínú báàgì àti lábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ ní mg, ìgbà tí wọ́n ń lò ó, ẹni tó kọ ọ́ àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Ẹ ka iye kóró tó ṣẹ́ kù, kẹ́ ẹ sì fi wé ọjọ́ tí wọ́n rà á. Orúkọ gidi tó wà ní lẹ́tà kékeré ni kẹ́ ẹ kà, ẹ má ka orúkọ gàdàgbà tó wà lókè nìkan: amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, lè wà nínú páálí méjì tó ní orúkọ àti àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí Màmá sì ń lo méjèèjì. Ẹ wá ibuprofen tàbí diclofenac tí wọ́n fi ń pa ìrora orúnkún. Irú oògùn wọ̀nyí máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru ga, tó bá sì pàdé lisinopril (oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn) àti oògùn tó ń múni tọ̀, ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ o. Ẹ gbé ìwé náà tọ dókítà tàbí olóògùn lọ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn: kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ̀yìn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní ìwọ̀n àyà, kí aṣọ má sì sí lábẹ́ ìdè rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wá ní kí wọ́n dìde, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú 3. Tí nọ́ńbà òkè bá fi 20 wálẹ̀ tàbí ti ìsàlẹ̀ fi 10, ohun tó ń mú òòyì kọ́ wọn nígbà tí wọ́n bá dìde lóru nìyẹn. Kí wọ́n máa jókòó díẹ̀ sétí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó dìde, kí dókítà sì gbọ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ tẹ́ ẹ lè ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan: iná kékeré tó ń tàn fúnra rẹ̀ láti bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀; irin ìdìmú tẹ́ ẹ fi síkúrúù dè mọ́ ògiri líle (èyí tó kàn ń lẹ̀ mọ́ táìlì máa ń já nígbà téèyàn bá gbára lé e); kíká rọ́ọ̀gì kéékèèké kúrò; àti kíkó nǹkan tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ sí ìwọ̀n àyà, kí wọ́n má bàa máa gun àga.

Ọmọ Màmá

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Nǹkan kan tí mo gbàgbé láti sọ: òtútù máa ń mú níbẹ̀ lóru, Màmá sì máa ń gbé àdògán eléèédú wọ yàrá, wọ́n á sì ti fèrèsé. Wọ́n máa ń sọ pé orí ń fọ́ àwọn láàárọ̀. Ṣé òkè náà ni?

Nọ́ọ̀sì Orí Òkè

Ẹ pè wọ́n lónìí, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀. Èédú kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá tí wọ́n ń sùn mọ́.

Iná èédú máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró carbon monoxide jáde. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó ju 200. Lórí òkè, ó burú ju ti ìsàlẹ̀ lọ: iná kì í jó tán dáadáa níbi tí ọ́síjìn kò ti tó, ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń mí in sínú sì ti wà lábẹ́ àìtó ọ́síjìn tẹ́lẹ̀. Ṣíṣí fèrèsé díẹ̀ kò tó.

Àmì rẹ̀ jọ ti àìsàn òkè gan-an, orí fífọ́, èébì, òòyì. Bẹ́ ẹ ṣe máa fi mọ̀ ọ́n yàtọ̀ nìyí: orí tí òkè ń fọ́ kì í lọ torí pé èèyàn bọ́ síta, èyí tí èédú fà sábà máa ń fúyẹ́ lẹ́yìn téèyàn bá kúrò nínú yàrá. Tó bá sì jẹ́ pé gbogbo ẹni tó sùn sínú yàrá náà ló jí pẹ̀lú rẹ̀, tí Màmá tí òkè ti mọ́ lára náà wà nínú wọn, iná ni kẹ́ ẹ fura sí. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti wọn ọ́síjìn ń tan ni jẹ níhìn-ín, torí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn àti èyí tó gbé olóró yìí. Nọ́ńbà tó dáa lójú rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ara dá. Ẹ kó gbogbo èèyàn jáde, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ lọ síwájú dókítà, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó ń jó nínú yàrá fún un.

Ẹ ra ẹ̀rọ tó máa ń ké tí olóró náà bá wà nínú afẹ́fẹ́, ẹ gbé e sí ẹnu yàrá, ẹ kọ́ Màmá bí wọ́n ṣe ń tẹ bọ́tìnnì ìdánwò rẹ̀. Tí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì bá wà, ẹ̀rọ amúlégbóná dáa ju èédú lọ: kẹ́ ẹ so ó mọ́ ojú iná ara ògiri tààrà, kó sì jìnnà tó mítà kan sí aṣọ fèrèsé àti bẹ́ẹ̀dì.

Ará Àdúgbò

Kí n fi ti àwọn ará ìlú kún un. Ní ìlú kékeré tó kóni mọ́ra, àwọn ló máa kọ́kọ́ mọ̀ tí nǹkan bá ṣe Màmá, ẹ̀yin kọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ máa ń sáré níbẹ̀. Ẹ má bi wọ́n pé "ṣé Màmá ti ń gbàgbé nǹkan?", kó tó di ọ̀la, gbogbo ìlú á ti gbọ́ pé orí Màmá ti dàrú. Ẹ sọ pé: "Ẹ̀yin lẹ wà nítòsí, ẹ bá wa sọ ohun tí àwa ò rí." Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́.

Ẹ fi nọ́ńbà yín sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni méjì, kí ọ̀kan máa jẹ́ ẹni tó ń gbé níbi tó ti lè rí fèrèsé Màmá. Ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan, kí Màmá fúnra wọn sì gbà: tí aṣọ fèrèsé bá ṣì wà ní títì di aago mẹ́sàn-án, kí ó kanlẹ̀kùn, tí kò bá sí ìdáhùn, kó pè yín, tí wọn ò bá gbé fóònù, kó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Àdéhùn tí ẹnikẹ́ni ò kọ, kálukú á rò pé ẹnì kejì ti ṣe é. Owó fóònù àti ti ọkọ̀ tó bá ná, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ san án.

Atọ́jú Àgbà

Ẹ̀gbọ́n, mo fara mọ́ ọn, àfi ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá di kọ́kọ́rọ́ mú lè rìnrìn àjò lọ́jọ́ tá a nílò rẹ̀. Àpótí kékeré onínọ́ńbà tí wọ́n ń dè mọ́ ògiri dáa jù, kí ẹni méjì mọ nọ́ńbà rẹ̀.

Kí Ọmọ Màmá tún bi wọ́n ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ibẹ̀ pé wákàtí wo ni wọ́n ń ṣí, ṣé ọkọ̀ ìwòsàn ń gun òkè náà, ó sì ń pẹ́ tó báwo? Òjò tàbí yìnyín máa ń dí ọ̀nà òkè, nítorí náà kí oògùn tó kù nílé má dín sí ti ọ̀sẹ̀ méjì nígbàkigbà. Omi mímu náà: lókè tó ju 2,000 mítà lọ, omi kì í gbóná tó ti ìsàlẹ̀ kó tó hó (nǹkan bí 91 °C ni ní ibi tí Màmá wà), nítorí náà tí omi ìlú kò bá dá yín lójú, ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 3 gbáko.